Òṣó Ni Mo Ló

Bàbá mi, Ògúnlẹ́yẹ, ọmọ Iléṣà,
ẹrù aṣọ ló gbé kiri títí dé Òkè-Ọya.
Àwìn ló ń tà.
Ẹnu ọ̀nà onígbèsè ló ti ń gbowó.
Kò ní jókòó, wọn ì báà gbé àga tìmùtìmù fún un.
Kò ní mumi.
Orúnkún rẹ̀ méjèèjì á sún mọ́ àyà:
"Òṣó ni mo máa ló títí n ó fi gbowó mi."
Oòrùn á yẹ̀, alẹ́ á lẹ́,
wọ́n á sanwó kí ojú má baà tì wọ́n.

Mo fìwà jọ ọ́ lóṣù tó kọjá
ní Wẹ́sílì, níbi tí wọ́n dá Mofolúwaṣọ́ dúró sí,
ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin,
tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ lára rẹ̀,
tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ.
Wọ́n ní ká ra ẹ̀jẹ̀ páìǹtì méjì.
Wọ́n ní ká ra ìbọ̀wọ́, ká ra abẹ́rẹ́,
ká dá owó epo jẹnẹrétọ̀.
Owó ìfẹ̀yìntì mi ti di àlọ́ tí wọ́n ń pa ní Òṣogbo;
ìyá ọmọ wà ní Líbíà,
fóònù rẹ̀ ti kú láti oṣù Ẹrẹ́nà.

Mo jáde sábẹ́ igi máńgòrò.
Mo lóṣòó.
Mo ní, Olúwa,
ogójì ọdún ni mo fi gbálẹ̀ ilé ìsìn Rẹ,
mo wá gba tèmi.
Mi ò ní mumi.
Mi ò ní kọrin.
Mi ò sì ní pè Ọ́ ní Baba títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ilẹ̀ ò tètè mọ́.
Ẹ̀fọn bá mi wí bí àwọn onígbèsè ṣe ń bá bàbá mi wí.
Orúnkún ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ń ké.
Kò síná ìjọba; Iléṣà dúdú
láti Ìlórò títí dé ẹsẹ̀ òkè.

Obìnrin kan jáde wá,
Màmá Ọlátẹ́jú, ará Ìbòdì,
tí wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ kúrò ní wọ́ọ̀dù nírọ̀lẹ́,
aṣọ bò ó lójú.
Kò bi mí ní nǹkan kan.
Ó bá mi lóṣòó.
Nígbà tó yá, ó tú kókó etí ìró rẹ̀,
ó kó owó pósí lé mi lọ́wọ́.
"Pákó ayúnrẹ́ wà lóko kòkó wa," ó ní,
"ẹni tó sùn kì í bèèrè igi.
Lọ ra ẹ̀jẹ̀."
Mo ní, Màmá, ta ló rán yín?
Ó ní, "Oorun ló kọ̀ tí kò kùn mí."

Ibẹ̀ lojú ti tì mí.
Èmi tí mo pe ara mi ní olówó,
èmi gan-an lonígbèsè.
Àbí ta ló ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà mi
láti ìgbà ọmọge,
tí kò jókòó,
tí kò mu nǹkan kan àfi ọtí kíkan,
tí oòrùn wọ̀ lórí Rẹ̀ lọ́sàn-án gangan,
tí kò sì lọ?
Kì í ṣe owó ló wá gbà.

Ẹ má tíì bi mí bóyá ọmọ náà yè.
Lánàá ó ní òun fẹ́ mọ́ínmọ́ín,
ó jẹ ṣíbí méjì, ó bì í.
Lónìí ó jẹ mẹ́ta.

Ìjẹ̀ṣà kì í rídìí ìṣáná,
ilé la ti ń múná lọ sóko,
ẹyinná kan péré lábẹ́ eérú,
tí ọwọ́ bò kí afẹ́fẹ́ má rí i.
Bí mo ṣe gbé e nìyẹn.

Ní Sátidé, a sin ọkọ Màmá ní Ìbòdì.
Pákó náà tó o.
Mo dá orin níbẹ̀, ohùn mi há;
Màmá ló bá mi gbè é.
Orúnkún mi ò tíì nà tán.